Bàbá Nínú Yàrá Kíláàsì Kìn-ín-ní

Ẹni tí ó bá mọ ìdíkọ̀ ojú irin tí ó wà ní Ìdó ní Èkó láyé ọjọ́un yóò rántí bí ariwo ibẹ̀ ti máa ń pọ̀ tó nígbà tí ọkọ̀ Òkè Ọya bá fẹ́ gbéra. Alágbàárù ń ké àgò, oníbúrẹ́dì ń polówó, ìyá ń wá ọmọ, ọmọ ń wá ẹrù. Láàárín irú ariwo bẹ́ẹ̀ ni ìdílé kan dúró sí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá ọdún 1963: bàbá arúgbó kan àti aya rẹ̀, ọmọkùnrin wọn tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ìyàwó ọmọ náà, àti ọmọ wọn méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọmọkùnrin náà lọ sí Kàdúná ni, ọ̀nà tí ó lé ní 500 máìlì sí Èkó. Ó ti pinnu pé àwọn òbí òun yóò bá àwọn ṣe ọdún Kérésìmesì níbẹ̀, àti pé kíláàsì kìn-ín-ní ni gbogbo àwọn yóò wọ̀ lọ.

Kí ọkọ̀ tó fọn fèrè ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Bàbá ní òun kò wọ ibẹ̀. Kò pariwo, nítorí kì í ṣe aláriwo ènìyàn. Ó kàn gbé àpò rẹ̀ há abíyá, ó sì kọrí sí ìdí àwọn kọ́ọ̀ṣì kíláàsì kẹta, níbi tí àwọn èrò ti ń ti ara wọn wọlé.

Ọmọ rẹ̀ sáré tẹ̀ lé e. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, mo ti san owó rẹ̀."

Bàbá dáhùn pé, "Mo mọ̀ pé o ti san án. Ibi tí mo mọ̀ ni mo ń lọ."

Ọ̀rọ̀ Bàbá kò ṣe é dá lẹ́bi. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni ó fi ṣe lébírà ojú irin, tí ó ń fi òòlù kan irin mọ́lẹ̀ nínú oòrùn àti nínú òjò, nígbàkúùgbà tí ó bá sì wọ ọkọ̀, kíláàsì kẹta ni. Fún un, àwọn yàrá iwájú wọ̀nyẹn jẹ́ ti àwọn òyìnbó àti àwọn ọ̀gá tí ń yọ orí lójú fèrèsé wo òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun bí ọkọ̀ ti ń kọjá lọ. Ìyá ni ó yanjú ọ̀ràn náà. Ó ti gun àtẹ̀gùn ọkọ̀, ó sì yí ojú padà láti òkè wá pé, "Bàbá ọmọ mi, ibi tí ọmọ mi ní kí n wọ̀ ni mo wọ̀ yìí. Ẹ máa bá tiyín lọ o. Ó di Kàdúná ká tó tún fojú kanra." Àwọn tí ó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì padà.

Yàrá mẹ́ta ni wọ́n gbà, èèyàn méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibùsùn méjì wà nínú yàrá, ọ̀kan lókè ọ̀kan. Àwo ìfọwọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú dígí, fáànù wà lókè, ilẹ̀kùn sì ní kọ́kọ́rọ́. Àwọn ọmọ òde òní tí wọ́n ti wọ ọkọ̀ tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ná Èkó sí Ìbàdàn ní 2021 lè ṣàìmọ irú yàrá bẹ́ẹ̀, nítorí ìrìn tí kò tó òwúrọ̀ kan kò nílò ibùsùn. Ní ayé ìgbà náà, oúnjẹ, oorun àti ìjí ni èèyàn ń ṣe nínú ọkọ̀ kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Ìyá tẹ bẹ́ẹ̀dì wò, ó ṣí omi wò, ó tì í, ó tún ṣí i. Ọ̀kan nínú àwọn tí ń gbé oúnjẹ fún èrò, tí ó wọ aṣọ funfun gbòò, kan ilẹ̀kùn, ó sì bi Bàbá pé, "Kí ni kí n gbé wá fún yín, sà?" Bàbá bojú wẹ̀yìn láti mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀.

Nígbà tí wọ́n kọjá Abẹ́òkúta, tí ilẹ̀ sì ti ṣú, ọmọkùnrin náà wá pe àwọn òbí rẹ̀ sí yàrá ìjẹun. Ó ti gba àyè fún gbogbo wọn. Bàbá ní ebi kò pa òun. Ìyá náà ti tú ẹrù rẹ̀: mọ́ínmọ́ín nínú ewé, ẹ̀kọ, ẹja díndín. Àwọn ọmọdé rí èyí, àwọn náà ní ebi ọbẹ̀ òyìnbó kò pa àwọn. Ìyàwó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó wo mọ́ínmọ́ín, ó sì jókòó ti ìyá ọkọ rẹ̀. Báyìí ni ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan lọ jókòó nídìí tábìlì tí a tẹ́ aṣọ funfun sí, pẹ̀lú fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ ènìyàn mẹ́fà níwájú rẹ̀. Adìyẹ tí wọ́n gbé fún un dára, ṣùgbọ́n kò lè gbé e mì.

Nígbà tí ó padà, ó gbọ́ ẹ̀rín láti inú yàrá Bàbá, ó sì dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọkọ̀. Bàbá ń kọ́ ọmọdékùnrin náà bí a ti ń fi etí mọ eré ọkọ̀. Ó ní, "Gbọ́ ọ: kàkà-kàkà, kàkà-kàkà. Irin kọ̀ọ̀kan ní ìpẹ̀kun. Ibi tí a ti so ọ̀kan mọ́ èkejì ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń kọ lù yẹn. Bí o bá mọ bí irin kan ti gùn tó, tí o sì ka iye ìgbà tí ó dún, ìwọ yóò mọ iye máìlì tí à ń sá."

Ọmọ náà bèèrè pé, "Kí ló dé tí ẹ kò so wọ́n pọ̀ pẹ́kípẹ́kí, Bàbá àgbà?"

"Oòrùn ń mú irin gùn, ọmọ mi. Bí a kò bá fi àyè díẹ̀ sílẹ̀, yóò lọ́ bí ejò ní ọ̀sán, ọkọ̀ yóò sì dojú dé. Àyè kékeré náà ni iṣẹ́ wa."

Ọkùnrin tí ó dúró lóde gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ti tó ẹni ọdún mọ́kànlélógójì, ó ti ka ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n kò bi bàbá rẹ̀ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Kò wọlé. Ó lọ sùn.

Wọ́n kọjá Ìbàdàn, wọ́n kọjá Òṣogbo. Ní ìdíkọ̀ kọ̀ọ̀kan ni àwọn obìnrin ń gbé àtùpà àti igbá àkàrà kiri lábẹ́ fèrèsé, tí oorun kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú yàrá wọ̀nyí rà. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé Ọ̀fà, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn ọmọkùnrin náà. Bàbá ni. Ó ti wọ agbádá rẹ̀ padà bí ẹni pé kò sùn rárá.

Ó ní, "Dìde, wá wo nǹkan."

Àwọn méjèèjì dúró nídìí fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òkùnkùn ni ó wà níta, kò sí ohun tí a lè rí ju igbó lọ. Bàbá ní, "Ibí ni."

Ọmọ rẹ̀ mọ ibi tí ó ń wí. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, òun àti àwọn ọmọ ilé ìwé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin yìí kọjá. Bàbá wà lórí iṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀wù àpò lọ́rùn, ó na ọwọ́ sókè, ó sì kí i. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi í pé ta ni bàbá náà. Ó dá wọn lóhùn pé òun kò mọ̀ ọ́n, bóyá ẹlòmíràn ni ó ń kí. Bàbá gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n jọ jẹun, ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu kàn án, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sì mẹ́nu kàn án títí di òru yìí.

Bàbá ní, "O rò pé mo ti gbàgbé. N kò gbàgbé, ṣùgbọ́n inú kò bí mi mọ́. Ohun tí ó dùn mí ni owó tí o ná lórí tíkẹ́ẹ̀tì yìí. Bí ó bá ṣe pé ẹ̀bẹ̀ ni o ń bẹ̀ mí, ẹnu ni à ń fi bẹ̀bẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì."

Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọkọ̀ pẹ̀lú aṣọ oorun rẹ̀. Ó sọ ohun tí ó yẹ kí ó ti sọ láti ìgbà náà. Bí ó ti wà nílẹ̀ ni gáàdì dé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ó rò pé èrò kan ti ṣubú, ó sì fẹ́ gbé e dìde. Bàbá ní, "Fi í sílẹ̀, kò fara pa." Lẹ́yìn náà ni ó fi oríkì pè é, oríkì tí kò pè é láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì ní kí ó dìde.

Ilẹ̀ ti mọ́ dáadáa nígbà tí ọkọ̀ sún mọ́ Jẹ́bà. Ọyẹ́ bo ilẹ̀ bí èéfín, omi Ọya sì ń dán lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo ìdílé náà ti rọ́ sínú yàrá kan ṣoṣo báyìí, yàrá méjì tí a sanwó fún sì ṣófo. Ní 1909 ni ojú irin láti Èkó dé Jẹ́bà, ṣùgbọ́n odò dí i lọ́nà. Títí di 1916, nígbà tí a parí afárá, orí ọkọ̀ ojú omi ni a ti ń gbé àwọn kọ́ọ̀ṣì sọdá. Bàbá jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó tó ogún ọdún nígbà náà, ibẹ̀ ni ó sì ti kọ́kọ́ gba iṣẹ́. Ó ń fi ìka hàn wọ́n bí ọkọ̀ ti ń rọra gun orí afárá: ibi tí wọ́n kó òkúta jọ sí, ibi tí wọ́n sùn sí, erékùṣù tí ó wà láàárín omi. Lójijì ó dákẹ́, ó sì ṣí fìlà.

Ọmọdébìnrin náà bi í pé, "Ta ni ẹ ń kí, Bàbá àgbà?"

"Ọ̀rẹ́ mi kan. Ibẹ̀ ni ó wà."

Ọmọ náà tún wo omi, ṣùgbọ́n kò béèrè mọ́.

Lẹ́yìn Jẹ́bà, Bàbá fúnra rẹ̀ ni ó bèèrè ibi tí wọ́n ti ń ta tíì. Wọ́n tò lọ sí yàrá ìjẹun, tàgbàtèwe. Ó fi ọwọ́ bu búrẹ́dì rẹ̀, ó rì í bọ inú tíì, ọmọ rẹ̀ náà sì rì tirẹ̀. Ìyá ní tíì náà kò ní ṣúgà tó.

Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Mọ́kwà nígbà tí ọkọ̀ fawọ́ eré sẹ́yìn. Àwọn lébírà ń tún ojú ọ̀nà ṣe níbẹ̀, wọ́n sì ti kúrò lórí irin, wọ́n dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti òòlù wọn, eruku bò wọ́n títí dé ojú. Bàbá fi ife tíì sílẹ̀. Ó sọ fèrèsé kalẹ̀, ó yọ orí àti ọwọ́ síta, ó sì kí wọn kú iṣẹ́ ní èdè Yorùbá àti ní ìwọ̀nba Haúsá tí ó gbọ́. Àwọn ọkùnrin náà kọ́kọ́ wò ó tìyanutìyanu. Ọmọ rẹ̀ dìde pẹ̀lú táì lọ́rùn, ó fún ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ Bàbá lójú fèrèsé kékeré náà, ó sì na ọwọ́ tirẹ̀ náà síta. Nígbà náà ni ẹni tí ó dàgbà jù nínú wọn gbé òòlù rẹ̀ sókè.