Bí Nááfù Bá Dákẹ́

Ibi tí nááfù ti pàdé iṣan ẹran kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Síbẹ̀, nínú ààyè kan níbẹ̀ tí òró àti ìbú rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú 1,000 mílímítà lọ, nǹkan bí 10,000 olùgbà ló fún pọ̀ síbẹ̀. Àwọn ló ń gba acetylcholine tí nááfù ń tú jáde, kí iṣan tó lè fà.

*

Kò sí èyí tó jókòó síbẹ̀ títí nínú wọn. Nínú iṣan tí nááfù rẹ̀ yè, láàárín ọjọ́ 10 sí 14, ìdajì wọn á ti lọ, tuntun á sì ti rọ́pò wọn. Bí nááfù bá ṣe ń ṣiṣẹ́ sí ni ọjọ́ ayé wọn ṣe ń gùn sí.

*

Ejò ló là wá lójú sí i. Ní 1963, C. C. Chang àti C. Y. Lee ní Taiwan yọ oró alpha-bungarotoxin lára ejò Bungarus multicinctus. Bí oró yìí bá ti lẹ̀ mọ́ olùgbà, agbára káká ni yóò fi tú. Tí a bá so àwọ̀ tó ń tàn mọ́ ọn, a ti rí ohun tí a ó fi máa ṣọ́ olùgbà.

*

Ohun tí Mohammed Akaaboune, Jeff Lichtman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lò nìyẹn ní 1999. Ara eku tó wà láàyè ni wọ́n ti wo ibi tí nááfù àti iṣan ti pàdé, tí wọ́n ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó kù níbẹ̀. Níbi tí iṣẹ́ ti ń lọ déédéé, ìdajì àwọn olùgbà ṣì wà lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 14. Wọ́n wá dínà mọ́ iṣẹ́ tí nááfù ń rán. Kò ju wákàtí méjì lọ, àwọn olùgbà ti ń sá lọ ní ìlọ́po 25. Ẹnikẹ́ni ò gé nááfù o. Iṣan ni kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n fi iná mànàmáná ta iṣan náà fúnra rẹ̀, ìsáǹsá yẹn dáwọ́ dúró. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé àwọn olùgbà tó ti ṣí lọ sí etí ibùdó lè padà sí àyè wọn bí iṣẹ́ bá tún bẹ̀rẹ̀.

*

Tí nááfù bá wá gé pátápátá, iṣan á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú olùgbà tó ń ṣe nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú oyún. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń fọ́n wọn sí, wọn kì í sì í pẹ́: nǹkan bí ọjọ́ kan, ìdajì ti lọ. Axelsson àti Thesleff rí i lára ológbò ní 1959 pé iṣan bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ acetylcholine lóhùn láti òkè dé ìsàlẹ̀.

*

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ìdí fi ń dùn mí. Ibà ń ṣe ọmọ, wọ́n gún un níbi tí kò yẹ, abẹ́rẹ́ bá nááfù ńlá tó lọ sí ẹsẹ̀, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Bí nááfù yẹn bá tilẹ̀ máa hù padà, nǹkan bí mílímítà kan ló ń hù lójúmọ́. Ẹ wo bí ìdí ṣe jìnnà sí ojúgun, kí ẹ ṣírò oṣù rẹ̀. Itan ni kí wọ́n máa gún ọmọ ọwọ́ sí.

*

Suxamethonium ni wọ́n máa ń fún èèyàn nígbà míì kí iṣan rẹ̀ lè dẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ. Lára ẹni tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ láti ọjọ́ mélòó kan, àwọn olùgbà tó fọ́n káàkiri á ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, pòtásíọ́mù á ya wọ inú ẹ̀jẹ̀, ọkàn sì lè dáwọ́ dúró. Kí ẹbí sọ ọ̀rọ̀ apá tàbí ẹsẹ̀ tó rọ náà fún dókítà, bí kò tilẹ̀ bi wọ́n.

*

Nínú àìsàn myasthenia gravis, kò sí ohun tó ṣe nááfù. Àwọn ọmọ ogun ara ló ń so olùgbà pọ̀ ní méjì-méjì, tí wọ́n ń mú kí wọ́n tètè pa run. Ipénpéjú á máa já wálẹ̀. Ní 1934, Mary Walker fún aláìsàn kan ní London ní physostigmine, oògùn tó ti ara ẹ̀wà Calabar wá, èyí tí àwọn Efik máa ń fún ẹni tí wọ́n fura sí mu láyé àtijọ́. Oògùn náà kò fi olùgbà kan kún èyí tó wà. Ó kàn ń jẹ́ kí acetylcholine pẹ́ níbẹ̀ ni, kí ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù lè rí i gbà. Bẹ́ẹ̀ ni pyridostigmine tí wọ́n ń lò lónìí ṣe ń ṣiṣẹ́, ohun tó sì mú kí dókítà máa fi oògùn tó ń dẹ àwọn ọmọ ogun ara lọ́wọ́ kún un nìyẹn.