Èèpo Kòkó Àti Fàdákà

Ẹni tí ó bá gba oko Arámọ̀kọ-Èkìtì kọjá nígbà tí a bá ń la kòkó yóò rí òkìtì èèpo lábẹ́ igi. Àwọn ìyá wa a máa sun díẹ̀, wọn a fi eérú rẹ̀ ṣe ọṣẹ dúdú. Ìyókù a jẹrà síbẹ̀.

Ní Yunifásítì Ladoke Akintola, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbaje Lateef àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sá irú èèpo yìí, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n fi omi gbígbóná yọ oje rẹ̀, wọ́n sì dà á sínú omi tí wọ́n ti yọ́ iyọ̀ fàdákà sí. Omi náà pàwọ̀ dà, ó rí bí tíì tí kò ní mílíìkì. Fàdákà ti di ẹ̀rún wínníwínní nìyẹn: pín mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ẹ̀rún kan kò tó ọgọ́rùn-ún nínú rẹ̀. Ní 2016 ni wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde. Ẹ̀rún yìí pa kòkòrò àrùn. Wọ́n pò ó mọ́ ọ̀dà, kòkòrò kò sì lè hù nínú ọ̀dà náà.

Ṣùgbọ́n bí a bá fi ẹ̀rún fàdákà sílẹ̀ lásán, wọn a máa lẹ̀ mọ́ra bíi kókó inú iyán, ohun ìtìjú gbáà ní Èkìtì! Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ṣe ń pò ó mọ́ sítáàṣì ẹ̀gẹ́, tàbí ohun tí wọ́n yọ lára èèpo edé àti akàn. Èyí ni yóò dá wọn dúró lójú egbò, tí fàdákà yóò fi máa jáde díẹ̀díẹ̀, tí yóò sì máa ya awọ ara kòkòrò.

Ọ̀rọ̀ náà kàn mí gan-an. Àdá ṣá ẹ̀gbọ́n mi lójúgun nínú oko. Kóró oògùn méjì-méjì ni ó ń rà, bí ó bá ti rọ̀ ọ́, a dáwọ́ dúró. Oṣù mẹ́rin ni egbò náà fi ń run. Nígbà tí wọ́n yẹ ọyún rẹ̀ wò, wọ́n ní oògùn yẹn kò ran kòkòrò náà mọ́. Òmíràn ni wọ́n fi wò ó sàn.

Nígbà tí mo ròyìn fàdákà yìí fún Bàbá, wọ́n ní, “Tíṣà, ṣé kí a máa se èèpo kòkó fi wẹ egbò ni?”

Mo ní, “Rárá o, Bàbá. Kò sí fàdákà nínú èèpo. Fàdákà tí ó bá sì pọ̀ jù lè ba ẹran ara ènìyàn pàápàá jẹ́. Inú ìgò àti àwo àyẹ̀wò ni wọ́n ti ṣe ti 2016 yẹn, wọn kò fi sójú egbò ẹnikẹ́ni.”

Bàbá wo òkìtì èèpo wọn títí. “Bí wọ́n bá wá ṣe é tán, èló ni wọn yóò máa ra apẹ̀rẹ̀ kan?”