Lẹ́tà sí Ilé l'Òkè-Ìlá lórí Ìrìnàjò Ọkọ̀ Fífúyẹ́ sí Òkè Ẹ̀fọ̀n

Norwich, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Sí Bàbá, Ìyá àti gbogbo ará ilé l'Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì.

Ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà yìí dá lé lórí ni ìrìnàjò tí àbúrò àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbèrò láti fi ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú kan rìn láti Adó lọ sí ìhà Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè nínú ọkọ̀ eléré fífúyẹ́, àti ẹ̀bẹ̀ tí àbúrò bẹ̀ pé kí n fi ọ̀kan nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí òun láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níwọ̀n ìgbà tí Bàbá ti béèrè bóyá kí wọ́n fún un láyè, ó yẹ kí àlàyé nípa ọkọ̀ náà ṣáájú, nítorí orúkọ rẹ̀ ń dẹ́rù ba àgbà ju bí ó ti yẹ lọ.

Ọkọ̀ eléré fífúyẹ́ ni ọkọ̀ kékeré tí kì í gbà ju ènìyàn méjì lọ, tí àwọn tó ṣe é mọ̀-ọ́n-mọ̀ dín ẹrù ara rẹ̀ kù, tí agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í sì í sábà pọ̀. Colin Chapman, olùdásílẹ̀ ilé-iṣẹ́ Lotus, wà lára àwọn tí ó sọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ di olókìkí. Ọdún 1957 ni Lotus Seven jáde, nígbà tí ó sì di 1966, ilé-iṣẹ́ náà kó lọ sí Hethel, pápá ọkọ̀ òfuurufú ológun àtijọ́ kan tí kò jìnnà sí Norwich. Elise tí wọ́n gbé jáde níbẹ̀ ní 1996 kò wúwo ju nǹkan bíi kìlógíráàmù 725 lọ, èyí tí ó sún mọ́ ìdajì ìwọ̀n Toyota Camry tí ó kún ìgboro Adó. Èyí tí àwọn ọ̀rẹ́ àbúrò ní ni Mazda MX-5, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Miata, tí wọ́n kọ́kọ́ fi han aráyé ní Chicago ní oṣù Kejì ọdún 1989, tí kò sì sí ọkọ̀ eléré oníjókòó méjì mìíràn tí ó tà tó o. Ohun tí kò wúwo kì í ṣòro láti dá dúró, kì í sì í ṣòro láti yí ní kọ́nà. Nítorí náà inú kọ́nà ni adùn irú ọkọ̀ yìí wà, awakọ̀ sì lè jẹ ẹ́ tẹ́rùn láìsá eré àsápajúdé rárá. Ọmọ tí kò bá mọ èyí ni kí wọ́n bẹ̀rù, kì í ṣe ọkọ̀ náà.

Ní ti ọ̀nà, kò sí ibi tí kọ́nà sàn sí ní gbogbo agbègbè náà ju ọ̀nà tí ó gba Ìyìn, Ìgèdè, Àrámọ̀kọ̀ àti Ìtàwúrẹ́ dé Ẹ̀fọ̀n lọ, kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Òkìtì, tí í ṣe òkè, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé orúkọ Èkìtì ti wá, ẹni tí ó bá sì ti dúró lókè Ẹ̀fọ̀n kò nílò ìwé láti gbà á gbọ́. Àárín àwọn òkè yìí kan náà, ní ìhà Òkèmẹ̀sí àti Ìmẹ̀sí-Ilé, ni wọ́n ti ja ogun Kírìjí títí di ìgbà àdéhùn àlàáfíà ọdún 1886.

Gígun òkè kì í ṣe ìṣòro, sísọ̀kalẹ̀ ni. Awakọ̀ tí ó bá ń tẹ bíréèkì láìgbẹ́sẹ̀ kúrò lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yóò mú kí irin inú rẹ̀ gbóná, ooru náà yóò sì ràn mọ́ òróró bíréèkì, ìyẹn omi tí ó ń gbé agbára ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ síbi táyà; bí òróró náà bá ti pẹ́ tí ó sì ti fa ọ̀rinrin mọ́ra, yóò hó, bíréèkì yóò sì rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ bí kànìnkànìn. Ohun tí ó tọ́ ni kí awakọ̀ wọ jíà kékeré kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn, kí ó má sì ṣe bí àwọn tí ń fi jíà sí fíríì torí kí epo má bàa jó. Síbẹ̀, bí bíréèkì tiwọn bá dára, ti ọkọ̀ àjàgbé tí ó wà lẹ́yìn wọn lè má dára, Miata sì kúrú débi pé awakọ̀ àjàgbé tí ó bá sún mọ́ ọn jù lè má rí i. Kí wọ́n jẹ́ kí àjàgbé kọjá lọ.

Ohun kejì ni táyà. Láti nǹkan bí ọdún 2005 ni Mazda kò ti fi táyà àpọ́jù sí ẹ̀yìn MX-5 mọ́, bí kò ṣe ẹ̀rọ ìfátẹ́gùn kékeré àti oje tí a ń dà sínú táyà tí ìṣó gún. Oje náà wúlò fún ihò ìṣó. Kò wúlò fún táyà tí kòtò ya. Kí wọ́n tún wo nọ́mbà mẹ́rin tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é, bó ti wù kí ara rẹ̀ máa dán tó lọ́wọ́ ẹni tí ó ń tà á.

Òfin fi 80 kìlómítà ní wákàtí kan ṣe òpin eré fún ọkọ̀ kékeré ní irú ọ̀nà yìí, ó sì fi 50 sí inú ìlú. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán nìkan ni kí wọ́n sì fi rìn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní ìhà Ìkọ̀lé, wọ́n sì jí àwọn ọmọ iléèwé gbé ní Ẹmùré lọ́jọ́ kan náà. Òótọ́ ni pé ibẹ̀ jìnnà sí Ẹ̀fọ̀n, ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ kò mọ ọ̀nà kan yàtọ̀ sí èkejì. Bí wọ́n bá kúrò l'Ádó ní agogo méje òwúrọ̀, wọn yóò dé Ẹ̀fọ̀n, wọn yóò padà sí Àrámọ̀kọ̀, wọn yóò sì gba Erìjìyàn wọ Ìkògòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé, kí agogo mẹ́rin tó lù. Kí wọ́n sùn síbẹ̀.

Ní ti ọkọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò ṣeé ṣe. Láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún títì, tí àwọn ará ibí ṣì ń wà á lápá òsì, tí sítíárìn ọkọ̀ wọn sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nílé, ẹni tí ó bá sì jókòó sínú rẹ̀ lẹ́yìn àjàgbé kò lè rí ohun tí ń bọ̀ níwájú àfi bí ó bá ti yọ gbogbo ọkọ̀ síta tán.

Nítorí náà, kí Bàbá fún wọn láyè, ṣùgbọ́n Corolla ilé ni kí àbúrò wà, kí ó máa tẹ̀ lé àwọn Miata lẹ́yìn, kí ó di táyà tí ó bá ọkọ̀ ọ̀rẹ́ kọ̀ọ̀kan mu, jáákì, okùn ìfakọ̀ àti omi sí búùtù, nítorí kò sí àyè irú ẹrù bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ tiwọn. Kí mẹkáníìkì ilé pààrọ̀ òróró bíréèkì gbogbo ọkọ̀ náà kí ọjọ́ ìrìnàjò tó pé. Ẹ jọ̀wọ́, kí Bàbá sì bá àbúrò sọ ọ́ kí ó má san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní òun lè bá a kó ọkọ̀ onísítíárìn ọ̀tún wọlé.

Ọmọ yín ní Norwich.