N'Djamena, Ìlú Ìsinmi Tí Kò Rí Ìsinmi

Ìwọ òǹkàwé mi ọ̀wọ́n, bí o bá ti Maiduguri kọjú sí ìlà oòrùn, tí o la etí ilẹ̀ Cameroon kọjá, ìwọ yóò dé ibi tí odò Logone ti pàdé odò Chari. Kousséri wà lápá ìhín, N'Djamena, olú-ìlú Chad, wà lọ́hùn-ún. Fort-Lamy ni àwọn Faransé ń pè é tẹ́lẹ̀. Ọdún 1973 ni a yí orúkọ náà padà. Lárúbáwá àwọn ará ibẹ̀ ni orúkọ tuntun yìí, "ibi ìsinmi" sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn baba wa tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Mẹ́kà láyé ìjọ́un gba ìhín kọjá.

Ṣùgbọ́n ìsinmi kò pẹ́ níbẹ̀ rí. Ní oṣù kẹfà ọdún 1982, Hissène Habré fi ogun gba ìlú náà, Idriss Déby sì wà lára àwọn balógun rẹ̀. Habré fi kọnkéré bo ibi ìlúwẹ̀ẹ́ tí àwọn Faransé ṣe, ó sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n abẹ́ ilẹ̀. Ní 1989, Déby kọ ẹ̀yìn sí ọ̀gá rẹ̀, ó sá lọ sí Sudan, ó kó ogun jọ. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 1990, ó ti wọ N'Djamena; Habré ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Déby wí fún ará ìlú pé òun kò mú wúrà tàbí fàdákà wá, òmìnira ni òun mú wá.

Ǹjẹ́ ó mú un wá? Àwọn tí ń yìn ín ní ó gba ẹgbẹ́ òṣèlú láàyè, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì bá wa lé Boko Haram ní 2015. Àwọn tí ń dá a lẹ́bi ní, ní 2005, ó mú òfin tí ó ní kí ààrẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì péré kúrò. Epo rọ̀bì ń mú owó wọlé láti 2003, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé kò ní omi ẹ̀rọ.

Ní oṣù kejì ọdún 2008, àwọn ọlọ̀tẹ̀ mìíràn ti Sudan wá, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ààfin rẹ̀. Ó lé wọn. Ní ọjọ́ 3 oṣù náà ni a mú Ibni Oumar Mahamat Saleh, aṣáájú àwọn alátakò, nílé rẹ̀. A kò tún rí i mọ́.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo bá obìnrin ẹlẹ́ja kan létí odò. Lárúbáwá ilé kéú mi àti tirẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ bára mu, ṣùgbọ́n a gbọ́ ara wa yé. Ó ní, "Ní 1980, ìyá mi pọ̀n mí sá kọjá odò yìí. Ní 2008, èmi náà pọn ọmọ mi sá kọjá."

Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 2021, wọ́n kéde pé Déby ti wọlé ìbò lẹ́ẹ̀kẹfà. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n kéde ikú rẹ̀: ó fara gbọgbẹ́ lójú ogun àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí wọ́n ti Libya wá. Àwọn ọ̀gá ológun gbé ìjọba lé Mahamat ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ní 2024 ni wọ́n tó dìbò fún un.

Òǹkàwé mi, pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ẹni tí ó fi ìbọn ṣí ìlẹ̀kùn ààfin kò lè tì í mọ́ ẹlòmíràn.

Mo bi obìnrin náà bóyá ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ wàyí. Ó ní ẹní òun ṣì wà ní kíká lẹ́yìn ìlẹ̀kùn.

Kí Ọlọ́run Ọba jẹ́ kí orúkọ ìlú náà rò ó. Àmín.