Ọwọ́ tí Mo Fi Kí Aláìsàn

Nínú gbogbo ohun tí a kọ́ wa nílé kí a tó mọ ìwé, kò sí èyí tí ó ṣáájú ìkíni. Bí ọmọ bá jí ní òwúrọ̀ tí kò kí bàbá àti ìyá rẹ̀, àbùkù ni. Bí ẹnì kan bá sì lọ bẹ aláìsàn wò, tí kò kí àwọn tí ó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ènìyàn yóò wí pé a kò tọ́ ọ dáradára. Nínú ẹ̀kọ́ yìí ni mo dàgbà, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àkókò ìsinmi ọdún 2023, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ó mú kí n tún ẹ̀kọ́ náà kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, òun ni mo sì fẹ́ sọ fún ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni ó tọ́ mi láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Aṣọ ni ó ń tà, èrè aṣọ náà ni ó sì fi rán mi lọ sí ilé ìwé. Màmá ni mo ń pè é. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ìfun rẹ̀ lọ́ pọ̀, wọ́n sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan, níbi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Nítorí pé kò lè fi ẹnu jẹun, wọ́n ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ iṣan ńlá ọrùn rẹ̀, láti ibẹ̀ ni omi, oúnjẹ àti oògùn ti ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ wò ó. Bí mo bá ti tún ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe tán, èmi a máa lọ láti ibùsùn dé ibùsùn, èmi a di àwọn aláìsàn lọ́wọ́ mú, èmi a sì wí pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìrọ́jú o." Ìyàwó ọ̀dọ́ kan wà ní ibùsùn kẹta, tí òun náà ní rọ́bà ní ọrùn. Ọ̀nà ilé wọn jìn, kò sì sí ẹni tí ń bẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀sán. Èmi ni mo máa ń bu omi fún un, tí mo sì máa ń fa aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì àgbà ká mi mọ́ ibẹ̀. Ó ní, "Ọmọ yìí, ọ̀dọ̀ ta ni o wá?"

Mo ní, "Ọ̀dọ̀ Màmá mi ni, mà."

Ó ní, "Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí o dúró sí. Lọ fọ ọwọ́ rẹ kí o tó sún mọ́ ọn, kí o sì tún un fọ̀ nígbà tí o bá ń lọ. Má ṣe fọwọ́ kan ẹlòmíràn mọ́."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kí ó má bínú. Ṣùgbọ́n inú mi kò dùn rárá. Mo wí nínú ọkàn mi pé ìwé àkàjù ti mú kí obìnrin yìí gbàgbé ìwà ọmọlúàbí. Mo fọ ọwọ́ mi lójú rẹ̀. Nígbà tí ó kọjá lọ, mo tún ṣe bí mo ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, ara Màmá gbóná, ó sì ń gbọ̀n. Wọ́n fún un ní oògùn tí ń pa bakitéríà, ibà náà kò sọ̀. Wọ́n pààrọ̀ oògùn, kò sọ̀ síbẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan èsì sì dé pé ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà kì í ṣe bakitéríà rárá: Candida parapsilosis ni orúkọ rẹ̀.

Ìbátan ìwúkàrà àti olú ni Candida. Àrùn làpálàpá tí a máa ń rí ní orí àwọn ọmọ ilé ìwé náà, láti inú ìdílé ńlá kan náà ni ó ti wá. Candida a máa gbé ní ẹnu àti inú ìfun ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ara wọn le, láìṣe ìpalára kankan, nítorí pé àwọn kòkòrò àìfojúrí mìíràn tí ó ń bá gbé kì í jẹ́ kí ó gbilẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí oògùn líle bá ti pa àwọn aládùúgbò rẹ̀ wọ̀nyí, tí abẹ ti ya inú, tí rọ́bà sì ti la ọ̀nà sínú ẹ̀jẹ̀, ààyè ṣí sílẹ̀ fún un. Ní ti parapsilosis, ó fẹ́ràn láti máa gbé ní awọ ọwọ́ ènìyàn, ó sì mọ bí a ti ń lẹ̀ mọ́ ara rọ́bà, tí yóò fi hù bò ó bí ewédò ti ń bo òkúta inú odò.

Wọ́n fún Màmá ní fluconazole. Ọjọ́ mẹ́rin kọjá, ibà kò lọ. Nígbà náà ni ilé àyẹ̀wò tún ránṣẹ́ pé apá fluconazole kò ká èyí tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Mo bi dókítà léèrè bí oògùn ti ṣe lè kùnà báyìí, ó sì fi sùúrù ṣàlàyé fún mi. Ó ní Candida ní láti ṣe irú ọ̀rá kan tí ó fi ń mọ ògiri ara rẹ̀, iṣẹ́ yìí ni fluconazole sì ń dí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí Candida ti ń bí sí i, àwọn kan nínú wọn a máa yàtọ̀ díẹ̀. Lára òmíràn, ibi tí oògùn ti ń dì í mú ti yí padà. Òmíràn sì ń tú oògùn náà jáde kíákíá, bí ẹni tí ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ tí ó jò. Oògùn a pa àwọn tí kò lágbára, àwọn wọ̀nyí ni yóò sì ṣẹ́kù láti máa bí sí i. Ó tún ní bí a ti dá Candida sún mọ́ bí a ti dá àwa tìkára wa ju ti bakitéríà lọ, nítorí náà ohun tí ó bá lè pa á lè pa àwa náà lára. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ẹ̀yà oògùn mẹ́ta péré ni wọ́n sábà máa ń lò fún un nígbà tí ó bá ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Bí ọ̀kan bá kùnà, ìdá mẹ́ta agbára ti lọ.

Wọ́n yọ rọ́bà ọrùn Màmá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí fún un ní amphotericin B, oògùn àtijọ́ tí àwọn oníṣègùn ti ń lò láti ìparí àwọn ọdún 1950. Oògùn náà le. Bí wọ́n bá ti fà á sí i lára, òtútù a mú un títí eyín rẹ̀ yóò fi máa lu ara wọn, wọ́n sì ń ṣọ́ kíndìnrín rẹ̀ lójoojúmọ́ kí ó má bàa bàjẹ́. Ìyá mi ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kí a lè rà á. Ní ọjọ́ kẹfà, ibà sọ̀ kalẹ̀. Màmá yè.

Ìyàwó ọ̀dọ́ inú ibùsùn kẹta kò yè. Irú ibà kan náà ni ó mú un, ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn tí ti Màmá bẹ̀rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí mo wọlé, mo bá ibùsùn náà lófo, wọ́n sì ń fi oògùn apakòkòrò nu irin rẹ̀.

Nígbà tí mo padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo bẹ̀rẹ̀ sí kàwé lórí ọ̀ràn yìí. Mo kà nípa ọmọ ìyá parapsilosis kan tí ń jẹ́ Candida auris. Ní ọdún 2009 ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Japan kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀, láti inú etí obìnrin kan. Etí sì ni "auris" túmọ̀ sí ní èdè Látìnì. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 90 nínú 100 irú rẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò ni fluconazole kò ràn. Ní ìlú Oxford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín ọdún 2015 sí 2017, wọ́n rí i lára aláìsàn 70, ó sì wọ inú ara 7 lára wọn lọ jinlẹ̀. Wọ́n sa gbogbo ipá wọn, kò lọ. Níkẹyìn, wọ́n rí i pé ohun tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná ara lábẹ́ abíyá, tí wọ́n ń gbé láti ọ̀dọ̀ aláìsàn kan sí òmíràn, ni ó ń gbé e kiri. Nígbà tí wọ́n kó wọn kúrò ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí dínkù. Ní ọdún 2022, àwọn oníwádìí kéde pé wọ́n ti rí auris ní Nàìjíríà wa yìí pẹ̀lú; ní ọdún kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ mẹ́rin tí ó léwu jùlọ nínú irú àwọn àrùn wọ̀nyí.

Ohun tí mo kà nípa Oxford kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹni tí ń wọn ìgbóná ara aláìsàn, oore ni ó ń ṣe. Èmi náà, oore ni mo rò pé mò ń ṣe.

Ní ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, mo padà sí ilé ìwòsàn náà láti dúpẹ́. Mo wá nọ́ọ̀sì àgbà náà rí, mo tọrọ àforíjì, mo sì bi í ní ìbéèrè tí kò jẹ́ kí n sùn: ṣé ọwọ́ mi ni ó gbé àrùn náà dé ibùsùn kẹta?

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, kò sí ẹni tí ó lè mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ púpọ̀ ni ó wọ inú yàrá yìí. Tèmi náà wà níbẹ̀."

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn baba wa wí pé ọwọ́ ọ̀tún wẹ ọwọ́ òsì, ọwọ́ òsì wẹ ọwọ́ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. A ti lo òwe yìí fún ìrànlọ́wọ́ títí a fi gbàgbé pé ó sọ̀rọ̀ ọwọ́ fífọ̀ pẹ̀lú. Níbi tí oògùn bá ti kù díẹ̀, omi, ọṣẹ àti ìgbọràn ni ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ìkíni àwọn baba wa kò sì pọn dandan kí a fọwọ́ kan ara: bí ọkùnrin bá dọ̀bálẹ̀, tí obìnrin sì kúnlẹ̀, ọ̀wọ̀ ti pé. Ní ọjọ́ tí mo lọ dúpẹ́ náà, ẹnu ọ̀nà yàrá àwọn aláìsàn ni mo dúró sí. Mo dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, mo sì wí sókè pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìrọ́jú o." Gbogbo wọn ni ó dá mi lóhùn.