Kí Mákúrì Tó Gòkè

Agùnbánirọ̀ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti fẹ̀yìntì ló pè mí lórí fóònù. Ó ní òun rí tẹ̀mómítà onímákúrì kan nínú dúrọ́ọ̀ láàbù, òun sì tì í bọ òróró gbígbóná. Dípò kí mákúrì gòkè, ńṣe ló kọ́kọ́ wálẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá sáré gòkè. "Bàbá, ṣé ó ti bàjẹ́ ni? Ṣé kí n dà á nù?" Mo ní kó má dán an wò. Mo ní kó fi òwú wé e, kó dá a padà sínú àpótí rẹ̀, nítorí nǹkan kan ò ṣe é. Yunifásítì ló ti jáde o, físíìsì ló sì kà.

Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni àlejò kọ́kọ́ ń kí. Gíláàsì ni ooru kọ́kọ́ bá, òun ló kọ́kọ́ fẹ̀, àyè inú rẹ̀ á sì tóbi sí i kí mákúrì tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí ooru bá wá wọ mákúrì náà lára, ó ń fẹ̀ ju gíláàsì lọ dáadáa, ìyẹn ló ń gbé e gòkè. Bí òróró náà bá ṣe gbóná tó ni wíwálẹ̀ yẹn ṣe máa ń hàn tó.

Ẹnu ọ̀gá mi ní láàbù ni mo ti gbọ́ èyí, kì í ṣe inú ìwé. Ọkùnrin náà kì í jẹ́ kí a lo tẹ̀mómítà tuntun láìjẹ́ pé òun fi omi yìnyín àti omi híhó dán an wò. Á lẹ bébà pélébé mọ́ àpótí rẹ̀, á kọ ọ́ síbẹ̀ pé èyí fi ìdajì lé, èyí fi díẹ̀ dín. Ó ti ṣiṣẹ́ ní Jọ́s rí, níbi tí omi ti ń hó ní nǹkan bíi 96°C nítorí pé orí òkè ni ìlú náà wà. Ẹni tó bá sọ lójú rẹ̀ pé 100 gééré ni omi ń hó níbi gbogbo, ó di dandan kó jókòó gbọ́ àlàyé. Kì í rẹ́rìn-ín. Àfi ìgbà tí a bá ń yọ́ náfítálíìnì tí a ń pè ní káfúrà fún ìdánwò WAEC, tí káfúrà bá bẹ̀rẹ̀ sí í dì, tí mákúrì dúró sójú 80 tí kò lọ tí kò bọ̀. Nígbà náà lá fi ẹ̀yìn kálámù kan ara gíláàsì pẹ́pẹ́, á ní, "Ẹ wò ó."

Òun ló fi tẹ̀mómítà gígùn tó ń ka 360 lé mi lọ́wọ́. Mákúrì fúnra rẹ̀ ń hó ní 357, náítírójìn tí wọ́n há sórí rẹ̀ nínú gíláàsì ni kì í jẹ́ kó rí àyè hó. Irinṣẹ́ yẹn ní ìwà tirẹ̀. Ó fẹ́ kí gbogbo mákúrì rẹ̀ wọ inú òróró. Bí òróró bá wà ní 200, tí ìwọ̀n 150 nínú mákúrì sì yọ síta níbi tí ooru ọrùn rẹ̀ jẹ́ 50, yóò fi nǹkan bíi 3.6 dín. A máa ń so tẹ̀mómítà kékeré mọ́ ọrùn rẹ̀ láti fi ṣírò èyí. Àwọn tíṣà kan ní mo ń fi àkókò ṣòfò. Àbájáde ta ló wá péye?

Ọdún ń gorí ọdún, ọ̀gá mi kú, èmi náà di ọ̀gá láàbù.

Ohun tó dùn mí ni bí wọ́n ṣe kó àwọn tẹ̀mómítà onímákúrì kúrò ní láàbù. N kò jiyàn pé májèlé ni mákúrì. A gbọ́ ohun tó ṣe àwọn tó jẹ ẹja ní Minamata ní Japan, ìlú yẹn náà ni wọ́n fi sọ àdéhùn 2013 tó ní kí wọ́n má ṣe irú tẹ̀mómítà bẹ́ẹ̀ mọ́ lẹ́yìn 2020. Ó dára. Èmi tí wọ́n ń pè ní alágídí yìí náà ni mo ń bu imí-ọjọ́ sórí mákúrì tó bá dà sílẹ̀, kò sì sí ọmọ tó fọwọ́ kàn án lójú mi. Ṣùgbọ́n ṣé bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é nìyẹn? Wọ́n gbé páálí wá, wọ́n da gbogbo èyí tí wọ́n rí sínú rẹ̀ pọ̀, ti 360 náà bá a lọ, ẹnikẹ́ni ò sì kọ ìwé fún mi. Tẹ̀mómítà ọlọ́tí pupa tó mọ sí 110 ni wọ́n fi rọ́pò. Ọmọ kan tì í bọ òróró gbígbóná, ó bẹ́. Wọ́n ní n kò kìlọ̀, bẹ́ẹ̀ ìkìlọ̀ náà wà lára ògiri, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́.

Tẹ̀mómítà oníbátìrì ló wà ní láàbù báyìí. Bí gíláàsì ṣe ń kọ́kọ́ gba ooru, bẹ́ẹ̀ ni irin ẹnu tirẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gbóná tán kó tó sọ òótọ́, àmọ́ àwọn ọmọ ń kọ nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá rí, nítorí pé àmì désímà wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí láàbù wà lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi omi yìnyín àti omi híhó dán tẹ̀mómítà yín wò ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lẹ àṣìṣe rẹ̀ mọ́ ọn lára. Bí ẹ bá sì tì í bọ òróró, ẹ dúró kí nọ́ńbà náà dákẹ́ kí ẹ tó mú kálámù.