Mo Ní Ogbó Ni

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹranko nínú ilé lè fò mí kọjá. Èmi gan-an ò fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀.

Ọmọ mi ọkùnrin ló mú un wọlé wa ní Peckham níbí, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 9. Fẹ́rẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é. Ẹ fojú inú wo ọ̀kẹ́rẹ́ tí wọ́n fà títí tó fi gùn, ẹsẹ̀ kúkúrú, òórùn rẹ̀ a sì máa ṣáájú rẹ̀ wọ yàrá. Láti ayé àtijọ́ ni àwọn Òyìnbó ti ń fi wọ́n lé ehoro jáde nínú ihò, àwọn kan ṣì ń ṣe é dòní. Tiwa ò lé ehoro kankan o, ìbọ̀sẹ̀ mi ló ń jí. Tẹ́ẹ́rẹ́ la sọ ọ́. Oorun ni iṣẹ́ rẹ̀, wákàtí 14 lóòjọ́ kì í tó o, ṣùgbọ́n tó bá jí, ijó ni.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún 6, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ọmọ mi ní, "Mọ̀mí, ẹ wo Tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń rìn bí ẹni tó mu ẹmu yó." Mo wò ó fìrí, mo ní, "Ogbó ni." Òótọ́ ni pé wọn kì í pẹ́ láyé. Ọ̀pọ̀ wọn kì í lò ju ọdún 6 sí 8 lọ. Ṣùgbọ́n ká má parọ́, ogbó tí mo pè é yẹn, owó ni mi ò fẹ́ ná. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń sọ pé ogbó ni.

Lóru ọjọ́ kan ni gìrì mú un. Ó nà gbọnrangandan, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọmọ mi sáré lọ gbé oyin tí mo tọ́jú sílẹ̀ fún Ọ̀ṣun. Mo fẹ́ pariwo pé oyin òrìṣà nìyẹn, ohùn ò jáde. Ó fi díẹ̀ pa á ní èrìgì, ó rọra ṣe é kí ìka rẹ̀ má bàa bọ́ sáàárín eyín. Ó ti kà nípa rẹ̀. Ọmọ ọdún 15 ti kà nípa rẹ̀, èmi ìyá rẹ̀ ń sọ pé ogbó ni.

Dókítà ẹranko tó rí wa láàárọ̀ ṣàlàyé fún wa. Ó ní tí fẹ́rẹ́ẹ̀tì àgbà bá ń ṣe báyìí, orí kọ́ ni àwọn kọ́kọ́ ń fura sí, ikùn ni. Kókó kan máa ń hù níbi tí ara ti ń ṣe insulin, insulinoma lorúkọ rẹ̀, ó sì wọ́pọ̀ lára wọn gan-an. Kókó yẹn á máa tú insulin jáde láìdáwọ́ dúró, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀. Ṣúgà sì ni ọpọlọ fi ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá ti tó, ẹranko náà á tẹjú mọ́ ògiri bí ẹni tó ń ronú, á máa dà itọ́, á máa fi ọwọ́ ha ẹnu, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á rọ, gìrì á dé. Ó ní oyin yẹn dáa fún pàjáwìrì, kí a sì fún un ní ẹran jẹ tí ojú rẹ̀ bá ti wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ká má sọ nǹkan dídùn di ìpápánu rẹ̀ o, torí ṣe ló máa ń mú kókó yẹn tú insulin mìíràn jáde.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Tó bá wà lábẹ́ 3.3, wọn ì bá sọ pé insulinoma ni. 5.6 ni tiẹ̀. Wọ́n wo etí, torí àìsàn etí náà lè mú kí orí ẹranko wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, etí mọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í yípo, apá òsì nìkan, bí ẹni tí wọ́n so mọ́ òpó. Dókítà ní ó jọ pé inú ọpọlọ ni kókó tiẹ̀ wà. Èyí ò wọ́pọ̀ bíi ti ikùn. MRI nìkan ló lè fi í hàn kedere, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fún un lóògùn oorun kí wọ́n tó yà á. Owó rẹ̀ ju owó ilé wa oṣù kan lọ. Mo béèrè pé tí wọ́n bá wá rí i ńkọ́? Obìnrin náà dákẹ́ díẹ̀. Orí tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹyin adìẹ lọ, ta ni yóò là á?

A ò ya àwòrán. Ó kọ prednisolone fún un, èyí tó máa ń dín wíwú tó yí kókó ká kù. A yọ àkàbà inú ilé rẹ̀ kúrò kó má bàa já bọ́, a ń fi ṣíbí bọ́ ọ ní ẹran lílọ̀. Ọmọ mi ń kọ gìrì kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, ọjọ́ rẹ̀ àti ìṣẹ́jú tó lò. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún la fi rí i gbà.

Láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn ni mo pe Òṣogbo. Àbúrò mi ní Màmá ti ń wọ́ ẹsẹ̀ kan, wọ́n sì ń wá ọ̀rọ̀ tì lẹ́nu. "Ẹ má dààmú, ẹ̀gbọ́n mi, ogbó ni." Ẹ wò ó, mo pariwo mọ́ ọn lórí fóònù débi pé ó rò pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé Màmá lọ sọ́síbítù. Rọpárọsẹ̀ kékeré ló ti kọjá lára wọn, ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á. Wọ́n ń lo oògùn báyìí, àdúpẹ́.

Ti Tẹ́ẹ́rẹ́ ò rí bẹ́ẹ̀. Gìrì ń tẹ̀lé gìrì, kò jẹun mọ́, kò mọ ọmọ mi mọ́. Dókítà dárúkọ abẹ́rẹ́. Èmi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ mi wá wò mí lójú, ó ní, "Mọ̀mí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń di àkùkọ mú tí wọ́n bá ń rúbọ, kí ló dé?" Mo ní àkùkọ yẹn, ara rẹ̀ le, a bẹ̀ ẹ́, a jẹ ẹ́, ilé jẹ ẹ́. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo rí i pé ìdáhùn yẹn ò dé ibi tó ń béèrè. Òun ló gbé e sórí itan. Ó pe orúkọ rẹ̀ títí ó fi sùn.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó fi owó ara rẹ̀ ra oyin tuntun. Ó tọ́ ọ wò kí ó tó gbé e sílẹ̀ níwájú Ọ̀ṣun, bí mo ṣe kọ́ ọ láti kékeré.